Ọ̀sẹ̀ Méje Kí Abẹ́rẹ́ Tó Kan Ọrùn Mi

Lámídì onígbàjámọ̀ kì í dákẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó síwájú rẹ̀ ní Ọjà'ba yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjọba, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, yóò sì mọ ẹni tó fẹ́ ìyàwó tuntun àti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kó jáde, kó tó fá irùngbọ̀n rẹ̀ tán. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó dákẹ́ tí abẹ rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi, ara fu mí.

"Ládánì, ẹ gbé itọ́ mì."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà gbé e mì ná."

Mo gbé e mì. Ó gbé abẹ sílẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ apá ọ̀tún ọ̀fun mi, nísàlẹ̀ gògóńgò. Ó ní kí n tún gbé e mì. Mo tún gbé e mì.

"Nǹkan kan wà níbí," ó ní. "Bí ẹ bá gbé itọ́ mì, á bá a lọ sókè, á tún bá a padà wálẹ̀. Ọjọ́ wo ló ti wà níbẹ̀?"

N kò mọ̀. Ó na dígí sí mi. Ohun tí mo rí kò ju ẹ̀kùrọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé itọ́ mì, ó rìn lábẹ́ awọ mi bí ohun tó ní ẹ̀mí tirẹ̀. Lámídì fá ìyókù irùngbọ̀n náà láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí mo na owó sí i, ó ní kí n má wulẹ̀ san án lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù ju dígí lọ, torí Lámídì kì í fi owó ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Mo ń kọ èyí fún ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan lọ́rùn rẹ̀ yẹ̀ wò, tó sì ń dúró de ọjọ́ náà. N kì í ṣe dókítà. Ìwé girama kẹta ni mo kà dé, mo sì kéwú. Fìlà ni mo ń rán ní Ìdí Arère, èmi sì ni ládánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa láti ọdún mọ́kànlá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìkan ni mo lè sọ. Kò di dandan kí ti ẹlòmíràn rí bẹ́ẹ̀.

Kí Lámídì tó rí kókó náà, ohùn mi ti ń ṣe mí bákan fún bí oṣù méjì. Bí mo bá ń pe ìrun Àsùbáà, tí mo dé ibi tí ohùn ti gbọ́dọ̀ gòkè, á há. Mo rò pé ọyẹ́ ni. Mo ń lá oyin, mo ń jẹ orógbó. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àkùkọ àdúgbò ti gbó. Lẹ́yìn ọjọ́ Lámídì, mo so nǹkan méjèèjì pọ̀, n kò sì lè tú wọn mọ́: kókó wà lọ́fun mi, ohùn mi sì ń lọ. Nílé wa, bí kókó bá yọ lára àgbàlagbà, orúkọ kan ṣoṣo ló máa ń wá sọ́kàn ẹni, kò sì sẹ́ni tó ń pè é. Jẹjẹrẹ ni. "Àìsàn yẹn" ni àwa máa ń wí.

Mo ní láti ṣàlàyé ìdí tí n kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣe ara mi. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, a máa ń ṣe àsàlátù ní mọ́ṣáláṣí wa. Ẹni tó bá ní aláìsàn nílé á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pélébé, á kọ orúkọ ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, á sì fi sàráà tí agbára rẹ̀ ká sí i. Èmi ni mo máa ń ka àwọn orúkọ náà sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo ìjọ á sì ṣe àmín. Ẹ̀rọ náà ń dún dé ẹsẹ̀ òkè Mápó. Mo mọ bí àmín ibà ṣe ń dún, mo sì mọ bí àmín àìsàn yẹn ṣe ń dún. Àmín ibà máa ń le, ó máa ń yá. Ìkejì máa ń rọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń kí olókùú. Mo sì mọ ohun tó ń tẹ̀ lé e. Kí oòrùn tó mú, ilé aláìsàn náà á ti kún. Àwọn kan wá kí i. Àwọn kan wá wò ó. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

N kò fẹ́ kí wọ́n wá wò mí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìborùn aláwọ̀ pupa àti funfun wé ọrùn, nínú ooru.

"Ládánì, ẹ ti lọ Mẹ́kà dé, ẹ ò sì fún wa lómi sámúsámù?" ni àwọn tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ń bi mí.

"Ó wà lọ́nà," ni mo ń dá wọn lóhùn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ohùn mi á sì há sínú ẹ̀rín náà.

Èmi nìkan ni mo lọ sílé ìwòsàn ńlá. Mo pe Àsùbáà tán, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ lọ ra aṣọ fìlà, mo rìn dé Bẹẹrẹ, mo wọ takisí Máíkírà. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí mo ti yára tó, èrò ti kún ibẹ̀ kí n tó dé. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà tí wọ́n fi bírò kọ sórí páálí, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan tí gbogbo wa ń fi ìdí wọ́ lórí rẹ̀ síwájú bí ẹnì kan bá ti wọlé. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ní ẹni tó tẹ̀ lé e wá, ẹni tó bá a gbé fúláàsì, ẹni tó bá a di káàdì mú. Mo ń ro tèmi, n kò mọ̀ pé àyè ti ṣí sílẹ̀ níwájú mi.

"Bàbá onífìlà!" nọ́ọ̀sì kan ké sí mi. "Ṣé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ yín mọ́bẹ̀ ni? Ẹ sún síwájú o, àwọn tó wà lẹ́yìn yín náà nílé."

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ohun tó dára jù lọ tó ṣẹlẹ̀ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Dókítà tí mo bá kéré lọ́jọ́ orí, obìnrin ni, kò ju ọmọ mi Kúdí lọ púpọ̀. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó fi ìka wá ọrùn mi kiri, ó ní kí n mu omi kí òun rí bí ó ṣe ń lọ. Ó rán mi lọ gba ẹ̀jẹ̀, ó rán mi lọ ya àwòrán ọrùn. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta, ìlà mẹ́ta, àti irọ́ mẹ́ta nílé. Owó rẹ̀ kò kéré fún ẹni tó ń rán fìlà. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì, mo ní ó bàjẹ́.

Nígbà tí àwòrán dé, dókítà náà pè mí jókòó.

"Ẹran kékeré kan wà níwájú ọ̀fun gbogbo ènìyàn, Bàbá," ó ní, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí labalábá tó na ìyẹ́. "Ara rẹ̀ ni kókó yìí yọ sí. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ kì í ṣe ohun búburú. Ṣùgbọ́n àwòrán nìkan kò lè fi yé wa. A máa fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú rẹ̀, a ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ṣé jẹjẹrẹ ni?"

"Ohun tí a fẹ́ fi abẹ́rẹ́ mọ̀ nìyẹn."

"Ohùn mi ńkọ́? Ládánì ni mí."

"Abẹ́rẹ́ yìí kì í mú ohùn lọ."

Ó fi ọjọ́ abẹ́rẹ́ náà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta pàtàkì ló bá mi sọ lọ́jọ́ yẹn: púpọ̀ irú rẹ̀ kì í ṣe ohun búburú, ohùn mi kò ní lọ, àti pé wọn kò tíì mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni. Kí n tó padà dé Bẹẹrẹ, ẹ̀kẹta nìkan ló kù lọ́kàn mi. Bí wọ́n bá fẹ́ bá yín sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ mú ẹnì kan dání tí yóò bá yín gbọ́ ọ, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Etí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán.

Bí mo ṣe lo ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta yẹn, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Iṣẹ́ mi kò ràn mí lọ́wọ́. Ẹni tó ń rán fìlà ń fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ láti àárọ̀ dé alẹ́. Bí mo bá ti gún un, ọwọ́ òsì mi á lọ sọ́rùn. Mo fi ọwọ́ tẹ kókó náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dùn mí, mo sì wá ń sọ fún ara mi pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Bí mo bá jẹun, mo ń kíyè sí òkèlè bó ṣe ń kọjá. Nílé wa, àwa tó ń gbébẹ̀ lé ní ọgbọ̀n. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí ènìyàn méjìlá má kí mi lójú ọ̀nà kànga. Mo ń dá gbogbo wọn lóhùn, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí mo lè wí fún pé ẹ̀rù ń bà mí. Ìyàwó mi, Ìyá Kúdí, tó ń ta ọṣẹ àti kànhìnkànhìn ní Ọjà'ba, bi mí lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí mo fi ń sùn tìborùn-tìborùn. Mo ní ẹ̀fọn ni. Ó wo ìborùn náà, ó wo ojú mi.

Àṣírí náà tú nínú mọ́ṣáláṣí. À ń kírun Àìlá, mo tẹrí ba, káàdì ilé ìwòsàn bọ́ lápò mi, ó sì balẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n mi Alájì Búsàrí tó wà nínú ìlà kan náà pẹ̀lú mi. Òun ni àkọ́bí bàbá wa, òun ló tọ́ mi. A kírun tán, kò fún mi ní káàdì náà. Ó fi í sábẹ́ bùbá rẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀ lẹ́yìn òun.

"Múráínà, kí ló ń ṣe ọ́?"

Mo tú ìborùn, mo fi hàn án. Mo sọ ti abẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Irin kì í kan kókó," ó ní. "Bí irin bá kan án, inú á bí i nìyẹn. Ṣé o gbàgbé àǹtí wa, Ìyá Sàlámì? Wọ́n fi ọ̀bẹ kan ọmú rẹ̀, oṣù mélòó ló lò?"

N kò gbàgbé. Ohun tí n kò rántí lọ́jọ́ yẹn, tí mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin rántí, ni pé ọdún méjì ni Ìyá Sàlámì fi ń gbé kókó náà kiri káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àgbo kó tó fojú kan dókítà. Mo ti béèrè lọ́wọ́ dókítà tèmi lẹ́yìn náà. Ó ní abẹ́rẹ́ kò lè sọ kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ di jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀, mo kàn dorí kodò ni. Ó ní gbẹ́rẹ́ ni wọn yóò sín fún mi, òun yóò wá ẹ̀tù tí wọn yóò fi ra á. Mo rò ó pé, bí mo bá gbà fún un, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, èmi á sì tún lọ gba abẹ́rẹ́ mi bí ọjọ́ bá pé. Mo rò pé méjèèjì lè jọ rìn. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Ta ni yóò sín gbẹ́rẹ́ bí kò ṣe Lámídì? Ó wá lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ó mú abẹ tuntun jáde látinú ìwé tí wọ́n fi wé e, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo ọrùn mi.

"Alájì, ẹ ní irin ò gbọdọ̀ kàn án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lẹ rò pé wọ́n fi ṣe abẹ ọwọ́ mi yìí? Èèpo ìrèké?"

"Lámídì, sín in, má bá mi jiyàn. Abẹ ilé yàtọ̀."

"Ó yàtọ̀," Lámídì sọ fún ara rẹ̀ bí ó ti ń na awọ ọrùn mi. "Ti ilé ni àwa kì í gba káàdì fún."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ó sín méje yí kókó náà ká, wọ́n fi ẹ̀tù dúdú ra á. Ó ta mí títí dé etí. Ọjọ́ kejì, ibẹ̀ pọ́n. Ọjọ́ kẹta, ó wú. Nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ fi máa pé, omi ti ń jáde lójú méjì nínú méje náà, ìborùn mi sì ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Dókítà náà tú ìborùn fúnra rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn dúró, ó ń wò ó.

"Bàbá, kí lẹ ṣe síbí?"

Ojú tì mí, mo ní gbẹ́rẹ́ ni wọ́n sín fún mi. Ó ní òun kò lè gba inú egbò kọjá lọ síbi kókó, nítorí ìdọ̀tí egbò yóò bá abẹ́rẹ́ wọlé. Ó kọ oògùn fún mi, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mo ti múra tán. Ó ní òun mọ̀. Mo jáde, mo jókòó sábẹ́ igi kan nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà títí Àìlá fi kọjá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mọ́kànlá tí ìrun kan kọjá tí n kò pè é, tí n kò sì rán ẹnikẹ́ni pé kó bá mi pè é.

Bí ẹ̀yin náà bá ní ẹ̀gbọ́n bíi tèmi, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ, ẹ̀tù tàbí ohun gbígbóná kan ibi tí dókítà fẹ́ gún. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ra ọgbọ́n yìí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà ló burú jù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi yọ̀. "Ṣé o rí i? Ọlọ́run ò fẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn," ó ní. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá kí n kúkú fi í sílẹ̀. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, bóyá kò ní sí. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wà níbẹ̀ rí á mọ bí èrò náà ṣe ń dùn. Lémọ́mù wa bi mí pé ṣé òtútù ló mú mi tí ohùn mi fi rí báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo purọ́ fún Lémọ́mù nínú mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn àlùwàlá.

Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, mo ń ka orúkọ àwọn aláìsàn. Mo ka ọkùnrin kan tí ibà dá wó, mo ka obìnrin kan tó ń rọbí, gbogbo ìjọ ń ṣe àmín. Mo ṣí ìwé kẹta. Mo mọ ìkọ̀wé náà kí n tó kà á. *Múráínà ọmọ Àníkẹ́. Ọrùn ń dùn ún.*

Orúkọ mi. Orúkọ ìyá mi. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lẹ́nu mi, mo sì gbọ́ bí mo ṣe ń mí nínú rẹ̀. Mo ká ìwé náà, mo fi í sápò, mo ní, "Àwọn tó kù nìyí," mo sì ka orúkọ tó tẹ̀ lé e. N kò fo orúkọ aláìsàn kankan rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo fo tèmi. Lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi pín mọ́ṣáláṣí, níbi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí, Ìyá Kúdí ń dúró de orúkọ náà láti fi ṣe àmín.

Nílé, ó gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ síwájú mi, ó jókòó.

"Bàbá Kúdí, ṣé ìwé mi ò dọ́wọ́ yín ni?"

"Ó dé."

"Mo fi sàráà sí i."

"Mo rí i."

Ó sún àwo náà mọ́ mi. "Ta lẹ ń fi í pamọ́ fún? Láti alẹ́ tí Lámídì ti wá ni gbogbo ilé ti mọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀."

Mo ní n kò fẹ́ dẹ́rù bà á.

"Ọrùn tí mo ti ń rí láti ọdún mẹ́rìnlélógún, ìborùn lẹ fẹ́ fi bò ó fún mi? Ẹ̀fọn! Ẹ̀fọn wo ló ń gbé ọrùn ẹnìkan ṣoṣo?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: jẹjẹrẹ, ohùn, ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo tà, igi tí mo jókòó sábẹ́ rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ tù mí nínú. Ó kàn béèrè ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi, ó kà á lórí ìka. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹ̀wù rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Alájì, ẹ fi abẹ tiyín gé e lẹ́ẹ̀meje, a ò bá yín jà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ náà fi abẹ́rẹ́ tirẹ̀ gún un lẹ́ẹ̀kan."

"Ìyàwó, dìde," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ṣé mo sọ pé mo fẹ́ kó kú ni?" Ó sì rán an sí mi pẹ̀lú káàdì ilé ìwòsàn tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó bọ́, àdàkọ rẹ̀ ni mo ti ń mú lọ sílé ìwòsàn láti ìgbà náà.

Ìyá Kúdí bá mi lọ, ó gbé fúláàsì dání. Ṣùgbọ́n kò bá mi wọ yàrá, wọn kò jẹ́ kó wọlé. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: ibì kan ṣì wà tí ẹ̀yin nìkan yóò dé. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká mi kí ọrùn lè na. Wọ́n fi nǹkan tútù nù ún. Dókítà náà ní, "Bàbá, bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé, ẹ má gbé itọ́ mì, ẹ má sọ̀rọ̀." Ó gún un, mo mọ̀ ọ́n lára, ó dà bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ẹni fún ibà, ó kàn jẹ́ pé ibi tó wà ló ń bani lẹ́rù. Ó ń tì í díẹ̀díẹ̀ síwá-sẹ́yìn. Mo ń ka orúkọ Ọlọ́run nínú ọkàn, n kò dé ogún tí ó fi yọ ọ́. Ó ṣe é nígbà mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ tó àkókò tí mo fi ń ṣe àlùwàlá. Wọ́n fi òwú tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí n dìde.

"Ṣé mo lè sọ̀rọ̀?" mo béèrè.

"Ẹ ti ń sọ ọ́ nìyẹn," ó ní.

Ọjọ́ mẹ́wàá la fi dúró de èsì. Dókítà náà ka ìwé èsì náà tán kó tó gbójú sókè, mo sì kórìíra ìṣẹ́jú yẹn títí di òní. "Kì í ṣe jẹjẹrẹ," ó ní. Ìyá Kúdí ló kọ́kọ́ kígbe. Dókítà náà wá ní kí a rọra. Ó ní abẹ́rẹ́ kì í dé gbogbo ibi, nítorí náà kí n padà wá ya àwòrán lẹ́yìn ọdún kan, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ń dàgbà. Ní ti ohùn mi, ó ní ariwo tí mo ń pa ló fà á, pé ẹni tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò ní láti máa pè é bí ẹni tí kò ní. Mo ń mu omi púpọ̀ báyìí, mo sì ń rọ ohùn mi. Ó ti ń padà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní gbẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́. Mo fi í sílẹ̀ fún un. Àpá méje náà ṣì wà lọ́rùn mi.

N kò ní purọ́ fún yín pé ọdún náà rọrùn. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé "kì í ṣe, ṣùgbọ́n ẹ padà wá" kì í sùn dáadáa. Ọwọ́ mi kò kúrò lọ́rùn. Mo ti dẹ́kun wíwé ìborùn, àwọn ènìyàn ti wá kí mi, àwọn mìíràn ti wá wò mí, wọ́n sì ti lọ. Síbẹ̀, bí gbogbo wọn bá ti lọ tán, èmi àti kókó náà la máa ń kù.

Oṣù tó kọjá ni ọdún náà pé. Ìyá Kúdí ní òun ń bá mi lọ, mo ní kó lọ sọ́jà. Wọ́n ya àwòrán náà, dókítà náà gbé tuntun àti ti àtijọ́ síra wọn, ó wọ̀n wọ́n. "Kò dàgbà," ó ní. "Ó tilẹ̀ dín díẹ̀. Bàbá, ẹ máa lọ. Mi ò fẹ́ rí yín mọ́, àfi tó bá yí padà." Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́, n kò sì mọ̀ bí mo ṣe dé ìta.

Obìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì, kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ. Ó wo ọrùn mi títí, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣé wọ́n ti gún yín lábẹ́rẹ́ ọ̀fun rí?"

"Wọ́n ti gún mi."

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn díẹ̀. Kò tó bí mo ṣe rò ó."

Ó mi orí.

"Ta ló bá ọ wá?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wá," ó ní.

Alásàárì ti ń súnmọ́lé. Mo pe Lémọ́mù lórí fóònù, mo ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò bá mi pe ìrun náà. Mo jókòó tì í. Ó bi mí bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn gbé itọ́ mì, mo sọ fún un. Ó bi mí bóyá ohùn ń lọ, mo ní kó gbọ́ tèmi. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n bá òun dì í mú, ó sì wọlé.